Kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ: ìfiwéra fún ẹni tí jẹjẹrẹ obìnrin tó ṣọ̀wọ́n kàn

Nínú gbogbo bébà tí wọ́n máa ń kó lé aláìsàn lọ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè: èsì ẹran àyẹ̀wò, èyí tí dókítà tó fi máíkírósíkóòpù wò ó fọwọ́ sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún, kí n sì tú ohun tí wọ́n gbọ́ palẹ̀ títí yóò fi yé wọn. Nínú jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀, ọ̀nà ti là. Ẹni tó bá ṣì í gbà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣì lè rí i padà. Nínú èyí tó ṣọ̀wọ́n, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń pinnu ìyókù: ta ló kọ́kọ́ gé e, kí ni wọ́n pè é, ṣé wọ́n sì ti mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

Ní Yúróòpù, jẹjẹrẹ tí kì í mú ju ẹni 6 lọ nínú 100,000 èèyàn lọ́dún ni wọ́n ń pè ní èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré níye, àmọ́ irú wọn tó ń mú ilé ọmọ, ilé ẹyin àti ojú ara lé ní 30, bí ẹ bá sì kó gbogbo wọn jọ, wọ́n ju ìdajì àwọn jẹjẹrẹ tó ń ṣe obìnrin níbi wọ̀nyẹn lọ. Ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí kò lè rọ́pò dókítà yín. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìbéèrè tí ẹ ó gbé dé iwájú rẹ̀ mú ju èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí lọ.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́lé, àbí ibùdó tó ti rí irú rẹ̀ rí?

Èyí tó sún mọ́lé ní àǹfààní tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di. Ẹ ó lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó sì ti padà délé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ibùdó ńlá jìnnà, ó ń náni lówó, ó sì ń yani kúrò lọ́dọ̀ ará ilé. Ohun tó ní tí èkejì kò ní ni ojú tó ti rí àrùn náà rí. Dókítà tó ń wo ẹran ara lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kó má sì bá irú kan pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àrùn náà ló ṣọ̀wọ́n.

Bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ yan ọ̀kan kí ẹ sì kọ èkejì. Ní Bìrìtéènì, láti 1973 ni wọ́n ti ń forúkọ obìnrin tí oyún mólà (oyún tí ibi ọmọ rẹ̀ hù lódì) bá ṣẹlẹ̀ sí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ibùdó mélòó kan péré. Ilé ìwòsàn Charing Cross ní Lọ́ńdọ̀nù àti ibùdó tó wà ní Sheffield ló ń tọ́jú àwọn tí tiwọn bá di jẹjẹrẹ ní England àti Wales. Síbẹ̀ obìnrin kò ní láti kó lọ síbẹ̀. Ilé rẹ̀ ló wà tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ránṣẹ́, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni yóò sì ka èsì. Orí ibùdó ńlá ló ń ronú, ọwọ́ ilé ìwòsàn tó sún mọ́lé ló ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá bi mí, ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ jù.

Tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá tiẹ̀ lè rìnrìn àjò rárá, ẹran àyẹ̀wò yín lè rìn ín. Inú ìda ni wọ́n máa ń rì í sí, kì í bàjẹ́, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí dókítà mìíràn kó tún un wò. Ẹ béèrè fún un láìtijú. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i. Àwọn náà máa ń ṣe é láàárín ara wọn.

Gé díẹ̀ wò, gbé gbogbo rẹ̀ jáde, àbí má fọwọ́ kàn án?

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, torí ohun tó tọ́ fún ọ̀kan lè pa èkejì lára.

| Ibi tó wà | Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ | Ìdí |
|---|---|---|
| Òde ojú ara | Gé díẹ̀ wò, fi ìyókù sílẹ̀ | Oníṣẹ́ abẹ ṣì nílò ibẹ̀ láti tọpa àwọn kókó itan (lymph nodes) |
| Inú ojú ara | Gé díẹ̀ wò, kí ẹ sì yẹ ọrùn ilé ọmọ àti òde wò | Púpọ̀ nínú ohun tó hù níbẹ̀ ló wá láti ibòmíràn |
| Ilé ẹyin, tó dà bíi pé kò tíì tàn | Gbé e jáde lódindi, má gún un | Tó bá bẹ́ sínú ikùn, ipele rẹ̀ yí padà |
| Inú ẹran ilé ọmọ | Fi MRI wò ó dáadáa. Má lọ̀ ọ́ sínú ikùn | Ó lè má jẹ́ fáíbírọ́ìdì |
| Jẹjẹrẹ tó ti ara ibi ọmọ wá | Má gé e. hCG, họ́mónù oyún tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹ̀rí | Ẹ̀jẹ̀ tó lè ya kì í ṣe kékeré |

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti òde ojú ara, torí òun ló ń pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti rí. Obìnrin kan ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń yún un. Wọ́n fún un ní ìpara kan, kò lọ. Wọ́n fún un ní òmíràn. Ọdún yí po, ìpara di mẹ́rin lórí tábìlì rẹ̀, kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni tó ní kó sùn sílẹ̀ kí òun tan iná wò ó. Ojú ń ti aláìsàn, ojú ń ti dókítà. Ìyún tí kò gbọ́ oògùn, egbò tí kò jinná, awọ tó funfun tàbí tó le gírígírí, èèhù bíi wọ́ọ̀tì lára ẹni tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ohun tí wọ́n ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó dunni ni wọ́n á kọ́kọ́ gún síbẹ̀, irin roboto kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 4 ló sì máa ń mú ẹran náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni àrùn yìí máa ń gbà wá. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ kòkòrò HPV wá sábà máa ń mú ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré díẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV sì lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ń ti ara àìsàn awọ kan tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus wá, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyá àgbà. Ẹni tó ní lichen sclerosus tó ń fi ìpara sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára tọ́jú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró ń dín ewu rẹ̀ kù. Nítorí náà, ìpara lè jẹ́ ìdènà, ó sì lè jẹ́ ohun tó ń fi àkókò ṣòfò. Èsì ẹran àyẹ̀wò ló ń sọ èwo ni.

Fáíbírọ́ìdì, àbí leiomyosarcoma?

Fáíbírọ́ìdì pọ̀ lára àwọn obìnrin. Leiomyosarcoma, jẹjẹrẹ tó ń hù nínú ẹran ilé ọmọ, ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìṣòro rẹ̀ ni pé aṣọ kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀: ikùn tó wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, ìnira nínú abẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń sọ pé èyí tó bá ń dàgbà kíákíá ni jẹjẹrẹ. Lára obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé gbára lé. Fáíbírọ́ìdì lásán náà máa ń dàgbà kíákíá. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bani ni kókó tó ń dàgbà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, torí ìgbà yẹn ló yẹ kí fáíbírọ́ìdì máa sún kì.

Wíwo ẹran tí wọ́n há láti inú ilé ọmọ lè ṣèrànwọ́, àmọ́ ó máa ń tàsé, torí inú ẹran ni àrùn yìí fara pamọ́ sí, kì í ṣe ara ògiri inú. MRI sàn jù ú lọ: àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ń wo bí kókó náà ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bí omi ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí àyẹ̀wò kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yọ ọ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gé fáíbírọ́ìdì wẹ́wẹ́ nínú ikùn kó lè gba ihò kékeré jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀: wọ́n ṣírò pé nínú nǹkan bíi 350 obìnrin tó lọ ṣiṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì, ẹnì kan lè ní sàkómà ilé ọmọ (ìdílé jẹjẹrẹ tí leiomyosarcoma wà nínú rẹ̀) tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Tí ẹ̀rọ náà bá lọ̀ ọ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fọ́n irúgbìn sínú ikùn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe lò ó mọ́ fún púpọ̀ nínú àwọn tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù tàbí tó ń sún mọ́ ọn.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn báyìí. Ihò kékeré: ìrora díẹ̀, ilé kíákíá, àpá tín-ín-rín. Ikùn líla: ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé, àpá gígùn, àmọ́ kókó náà jáde lódindi. Fún ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí MRI rẹ̀ mọ́ kedere, mi ò rí ìdí tí ihò kékeré fi máa bà á lẹ́rù, pàápàá tí wọ́n bá gé e sínú àpò. Fún ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, mi ò ní gbà kí ẹ̀rọ yẹn wọ inú ikùn rẹ̀ láéláé. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín gbangba: "Dókítà, ṣé ẹ máa gé e wẹ́wẹ́ nínú ikùn mi?" Kí ìdáhùn náà wọ inú ìwé ìfọwọ́sí.

Ká ní wọ́n ti wá yọ ọ́, èsì sì ní sàkómà ni. Orúkọ tún kù. Leiomyosarcoma le, kímò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni wọ́n sì máa ń lò tó bá tàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Faransé, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé bí wọ́n bá fi trabectedin kún doxorubicin, ó máa ń pẹ́ kí àrùn tó gbérí padà ju kí wọ́n lo doxorubicin nìkan lọ, àmọ́ ara máa ń jìyà rẹ̀ jù. Endometrial stromal sarcoma tí kò le, sàkómà ilé ọmọ mìíràn, jẹ́ ọ̀tọ̀. Họ́mónù obìnrin, estrogen, ló ń bọ́ òun. Oògùn tó ń dá estrogen dúró, bíi letrozole, ló ń bá a jà. Ẹni tó ní i kò gbọ́dọ̀ gba estrogen láti fi tọ́jú ooru ara, wọ́n sì ń yẹra fún tamoxifen náà, torí ó lè ṣe bí estrogen nínú ilé ọmọ. Sàkómà ni àwọn méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, oúnjẹ wọn kò sì jọra.

Ibi ọmọ tó di jẹjẹrẹ: methotrexate, actinomycin D, àbí àpapọ̀ oògùn?

Nínú gbogbo wọn, èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ó lè tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, kó sì tún san pátápátá, kí obìnrin náà bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ara oyún ló ti ń bẹ̀rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà oyún mólà, tí ibi ọmọ wú di ìṣùpọ̀ bí èso àjàrà, nígbà mìíràn oyún tó walẹ̀, tàbí ọmọ tí wọ́n bí ní àlàáfíà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn oyún mólà tí kò ní àmì ọmọ nínú rárá, obìnrin bíi 15 sí 20 nínú 100 ló máa nílò kímò. Lẹ́yìn èyí tó ní àmì ọmọ díẹ̀, wọn kì í ju 5 lọ.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, hCG tí wọ́n ń wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa oyún mólà jáde: 48,000, 9,200, 1,900, 410, 395, 402, 388. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò, ó ń já wálẹ̀ bí òkò. Láti 410 ó ti jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó dúró sójú kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó ẹ̀rí pé nǹkan ṣì kù lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ń gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà tó. Wọ́n máa kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe oyún tuntun, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ obìnrin pé kó ṣe ìfètòsọ́mọbíbí títí àyẹ̀wò yóò fi parí: oyún tuntun máa gbé hCG sókè, kò sì ní sí ẹni tó mọ èwo ni èwo mọ́. Tí hCG inú ẹ̀jẹ̀ bá rọra dúró sókè díẹ̀ láìsí àlàyé, ẹ ní kí wọ́n wọn ti ìtọ̀. Tí kò bá sí nínú ìtọ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé èròjà mìíràn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ jẹ. Wọ́n ti fún obìnrin ní kímò rí nítorí irú hCG òfìfo bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n máa ń gba máàkì jọ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n FIGO, àjọ àgbáyé àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin: ọjọ́ orí, irú oyún tó ṣáájú, oṣù tó ti kọjá, iye hCG, ibi tó tàn dé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 0 dé 6, oògùn kan ṣoṣo ni. Láti 7 sókè, àpapọ̀ oògùn márùn-ún tí wọ́n ń pè ní EMA-CO ni wọ́n sábà ń lò.

Fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré, methotrexate àti actinomycin D ló dojú kọ ara wọn. Methotrexate jẹ́ abẹ́rẹ́ inú ẹran, 50 mg ní ọjọ́ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje, pẹ̀lú folinic acid ní àwọn ọjọ́ àárín, tí wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ méjì méjì. Irun kì í sábà re. Egbò ẹnu ni ìyà rẹ̀, ojú sì lè máa ta. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó sún mọ́lé lè gún un. Actinomycin D ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó ń fa èébì jù, irun lè re, tó bá sì jò kúrò nínú iṣan, ó ń jó ẹran ibẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ló ń gbà dípò mẹ́jọ.

Èwo ló lágbára jù? Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, fi actinomycin D wé methotrexate tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: 70 nínú 100 san pẹ̀lú actinomycin D, 53 pẹ̀lú èkejì. Methotrexate ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn kọ́ ni ti ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ṣàpèjúwe, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀kan gba ìwé ẹ̀rí fún èkejì. Tí wọ́n bá ní methotrexate ni, ẹ bi wọ́n pé irú èwo. Ẹni tí omi bá sì wà nínú ikùn tàbí àyíká ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ rán wọn létí, torí methotrexate máa ń sá pamọ́ sínú omi náà, á sì máa jò padà sínú ara díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di májèlé.

Ọkàn mi balẹ̀ láti sọ pé yíyàn yìí kì í ṣe ikú tàbí ìyè. Tí ọ̀kan kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á bọ́ sí èkejì tàbí EMA-CO, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí máàkì wọn kéré ló ń san. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tọ́jú, àwọn tí máàkì wọn ga pàápàá, ó lé ní 90 nínú 100. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n dáwọ́ dúró ní ọjọ́ tí hCG bá ti wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni wọ́n máa ń fi kún un. Ìtàn tó wà lẹ́yìn ìyẹn kò dùn. Min Chiu Li, dókítà ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó fi methotrexate wo àrùn yìí sàn ní 1956. Ó ní òun kò ní dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí hCG bá ṣì kù nínú ara, bí kókó tiẹ̀ ti pòórá lójú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ó ń fi oògùn olóró jẹ aláìsàn níyà lásán, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló jàre. Ní 1972, ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker.

Ọ̀kan ṣì wà nínú ìdílé yìí tí kì í bá wọn rìn: placental site trophoblastic tumour. hCG rẹ̀ kì í ga, máàkì FIGO kò ṣiṣẹ́ fún un, kímò kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án, yíyọ ilé ọmọ sì ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ rẹ̀ tí kò bá tíì tàn.

Kókó itan: kó gbogbo rẹ̀, àbí wá olùṣọ́?

A padà sí òde ojú ara. Tó bá ti wọlé sínú awọ ju mílímítà 1 lọ, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti dé àwọn kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń kó. Ọ̀nà tuntun ni pé kí wọ́n gún aró búlúù àti èròjà onítànṣán díẹ̀ sí etí jẹjẹrẹ náà, kí wọ́n tẹ̀ lé e dé kókó tó kọ́kọ́ dé, ìyẹn olùṣọ́, kí wọ́n sì yọ òun nìkan wò. Tí olùṣọ́ bá mọ́, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀. Nínú ìwádìí GROINSS-V tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, ẹsẹ̀ wú gbọọrọ lára nǹkan bíi 25 nínú 100 tí wọ́n kó gbogbo kókó wọn. Lára àwọn tí wọ́n yọ olùṣọ́ nìkan, kò tó 2. Ẹsẹ̀ wíwú yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Bàtà kì í wọlé mọ́, ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin á di ti ojoojúmọ́, kòkòrò á sì máa wọ awọ náà léraléra. Nítorí náà, tí jẹjẹrẹ òde ojú ara yín bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí skáànù kò sì fura sí itan, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ìdí fún yín. Ìdí tó tọ́ lè wà: olùṣọ́ ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára, bí jẹjẹrẹ bá sì padà jáde ní itan, ó ṣòro gan-an láti wò. Tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ nínú olùṣọ́, tí kò sì ju mílímítà 2 lọ, ìtànṣán lè rọ́pò kíkó ìyókù. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó o.

Inú ojú ara

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá kéré, tó sì wà lókè nítòsí ọrùn ilé ọmọ, ọ̀bẹ lè tó. Ìyókù, ìtànṣán ni, láti ìta àti láti inú, pẹ̀lú kímò cisplatin díẹ̀díẹ̀ kó lè mú dáadáa, torí àpò ìtọ̀ wà níwájú, ìdí wà lẹ́yìn, àyè tí ọ̀bẹ fi lè yí kò sì tó nǹkan. Tí ìyá ẹnì kan bá lo oògùn DES, estrogen àtọwọ́dá kan, nígbà tó lóyún rẹ̀, kó sọ ọ́ fún dókítà. Ní 1971 ni àwọn dókítà ní Boston so oògùn náà pọ̀ mọ́ irú jẹjẹrẹ kan tó ń hù nínú ojú ara àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lò ó nígbà tó lóyún wọn.

Ilé ẹyin: yọ ọ̀kan, àbí méjèèjì?

Skáànù á ní "kókó ilé ẹyin," wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ fún CA-125, àmì tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Fún ọ̀dọ́bìnrin, ìyẹn kò tó. Kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àmì mẹ́ta mìíràn, AFP, hCG àti LDH, torí lẹ́yìn tí kókó bá ti jáde, kò sẹ́ni tó lè padà lọ wọn iye tó wà níbẹ̀rẹ̀ mọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹyin, tó ń mú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àrùn tó le ni, àmọ́ BEP, àpapọ̀ oògùn kímò mẹ́ta tí wọ́n ń fún ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ń wò ó sàn lára ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ilé ẹyin kan ni wọ́n ń yọ; kì í ṣe méjèèjì, kì í sì í ṣe ilé ọmọ, kódà tó bá ti tàn. Oníṣẹ́ abẹ tó bá fi ìbẹ̀rù kó gbogbo rẹ̀ lára ọmọdé ti gba ohun tí kò yẹ kó gbà.

Granulosa, irú jẹjẹrẹ ilé ẹyin mìíràn, yàtọ̀. Ó ń tú estrogen sínú ara, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ á máa ya lára ẹni tó ti kọjá nǹkan oṣù. Inhibin B àti AMH, họ́mónù méjì inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń tọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ti bímọ tán lè jẹ́ kí wọ́n yọ méjèèjì pẹ̀lú ilé ọmọ. Ẹni tó ṣì fẹ́ bí lè fi ọ̀kan sílẹ̀ tó bá wà ní ipele kìíní, àmọ́ kí wọ́n há inú ilé ọmọ wò, torí estrogen yẹn lè ti ba ibẹ̀ jẹ́. Tí ó bá jẹ́ irùngbọ̀n ló ń hù, tí ohùn sì ń wúwo, kókó ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní Sertoli-Leydig ni kí wọ́n ronú sí, kí wọ́n sì yẹ jíìnì DICER1 wò.

Jẹjẹrẹ ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní serous tí kò le, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi kímò kan náà pẹ̀lú serous tó le tọ́jú, kì í gbọ́ kímò bíi ti èyí tó le. Iṣẹ́ abẹ tó mọ́ tónítóní àti oògùn tó ń dá estrogen dúró ló ṣe pàtàkì fún un. Tó bá padà wá, ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé oògùn trametinib dá a dúró fún oṣù 13, ìtọ́jú àtijọ́ fún oṣù 7.2. Ní oṣù karùn-ún 2025, FDA fọwọ́ sí oògùn avutometinib pẹ̀lú defactinib fún àwọn tí tiwọn padà wá tó sì ní àyípadà nínú jíìnì KRAS. Ẹni tí wọn kò yẹ KRAS rẹ̀ wò kò lè mọ̀ bóyá oògùn yẹn jẹ́ tirẹ̀.

Títí di ìgbà wo?

Jẹjẹrẹ ibi ọmọ, tó bá máa padà, ọdún kìíní ló sábà ń padà. Wọ́n sì ń ní kí obìnrin dúró fún ọdún kan lẹ́yìn kímò kó tó tún lóyún. Ti sẹ́ẹ̀lì ẹyin, ọdún méjì àkọ́kọ́ ló gba ìṣọ́ra jù. Granulosa máa ń sùn. Ó lè jí lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ilé ìwòsàn ti da fáìlì àtijọ́ nù. Dókítà tuntun á rí kókó nínú ikùn ìyá àgbà, á rò pé jẹjẹrẹ tuntun ni, á sì máa wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìyá náà bá ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, tó fa bébà kan yọ lábẹ́ ìró, tó ti pọ́n létí, tí wọ́n kọ granulosa cell tumour sí.